Ìbéèrè Tí Clarrie Fi Sílẹ̀ fún Wa

Láíbìrì wa kò ní ìwé kankan. Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn àwọn Síkáòtù ní ìlú wa, Corrimal, lọ́sàn-án Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, nígbà náà lọ́hùn-ún, àpótí bàtà lẹ ó bá lórí tábìlì, tí wọ́n tò lọ rẹrẹ, tí wọ́n sì kún fún àwo dísìkì pẹlẹbẹ dúdú. Inú àwọn àwo wọ̀nyẹn la kó ètò kọ̀ǹpútà sí. Ètò eré wà níbẹ̀, ètò ìṣirò owó-orí wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà náà wà níbẹ̀. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà àdúgbò la fọwọ́ ara wa kọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá wù, kó wá dà á kọ, kó gbé e lọ sílé, ọ̀fẹ́ ni. Lónìí, ọmọ ọmọ mi á tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ètò á ti já bọ́ sínú rẹ̀. Kò mọ ẹni tó kọ ọ́, kò mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi í pé ta ló kọ èyí tó ń lò yẹn. Ó ní, "Màmá àgbà, èwo ló kàn mí níbẹ̀?" Mo ní ó kàn ọ́, ìwọ ọmọ yìí, ó kàn ọ́ gan-an. Etí rẹ̀ ti di, ó ti fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin sí i.

Ní tiwa, ètò kankan kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí bàtà yẹn bí àwa olóòtú kò bá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa, àfi tíì àti kéèkì alágbọn tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń gbé wá. Ìyáàfin Una Prewett ni olórí wa. Tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló kọ́ ìdajì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè pè é ní Una lásán. Vlado Petkovski ṣìkejì. Ará Masedóníà ni, iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ irin ní Port Kembla. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì ní sùúrù rárá. Èmi Glenys lẹ̀kẹta. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo wà, èmi ni mò ń so ẹni mọ́ ẹni, títí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá ṣe iṣẹ́ mi. Inú bí mi débi pé mo lọ ra kọ̀ǹpútà tèmi, kí n lè mọ ọ̀tá mi dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dá láíbìrì náà sílẹ̀ ni Clarrie Bascombe. Ọkùnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èédú. Ah, Clarrie! Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, tíì rẹ á tutù, wọ́n á bu òmíràn fún ọ, ìyẹn náà á tún tutù. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí títí dòní.

Clarrie ló ṣe gbogbo òfin wa. Ìjà kan ti wáyé rí nítorí eré kan tí àwọn èèyàn ní a gbà wọlé torí pé àbúrò Ìyáàfin Prewett ló kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó kọ ètò. Á fi pílásítà ojú egbò bo orúkọ mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ ká rí ìwé tí wọ́n fi kún un, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní sọ nǹkan kan. "Ẹ jẹ́ kí ètò fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀," bí Clarrie ṣe máa ń wí nìyẹn. Òfin kejì: ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bó o bá fi ètò rẹ sílẹ̀ fún wa, wàá pa ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ rẹ rẹ́. Ohun tí olóòtú bá tún ṣe, òun la ó kọ lé orí tàtijọ́ nínú àwo rẹ kí a tó dá a padà fún ọ, kí ayé má baà kún fún ẹ̀dà jágbajàgba.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè. Bí a bá ti yẹ ètò wò tán, tó ṣiṣẹ́, Clarrie á kó apá lé àyà, á wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ó dáa. Ta ló máa lò ó?" Bí a bá rí ìdáhùn, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì gbàmù, ife á fò sókè, ìyẹn ni pé ó ti wọlé. Bí a kò bá rí ìdáhùn, akọ̀wé á lọ bi ẹni tó kọ ọ́. Ètò tó ṣiṣẹ́ dáadáa ti dúró nílẹ̀ fún oṣù kan rí nítorí ìbéèrè yẹn. Vlado á máa ráhùn, á ní Clarrie ṣì ń fa ẹsẹ̀ bí ìgbà tó ń wa ọkọ̀ èédú.

Ìgbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Clarrie. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi sì dákẹ́ pátápátá. A lọ wò ó lọ́sibítù. Ó ń wò wá, a mọ̀ pé ó gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n a ò mọ ohun tí a lè sọ fún ẹni tí kò lè fèsì. Àbẹ̀wò wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyàwó rẹ̀, Dulcie, tó máa ń gbé kéèkì wá, kò wá mọ́. Àga Clarrie ṣófo, kò sẹ́ni tó jókòó sí i.

Ìbéèrè rẹ̀ náà sì lọ. Kì í ṣe pé a jókòó pinnu ẹ̀. Ètò tí wọ́n ń fi sílẹ̀ pọ̀ sí i, Vlado wá ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti ṣiṣẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣé àwa la máa lọ máa wá oníbàárà fún un ni?" Ìyáàfin Prewett ní òótọ́ ni. Èmi náà ò jiyàn.

Sátidé kan, nígbà òtútù, Vlado ki àwo kan tí pílásítà bo orúkọ rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Lẹ́tà tò sójú kọ̀ǹpútà, láti A títí dé Z. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan bà lé A. A ń wò ó. Kò kúrò níbẹ̀. Mo mu tíì mi. Ó wá sún sí B.

"Ṣó ti kú ni?" Vlado bèèrè.

"Kò kú," Ìyáàfin Prewett dáhùn. "Ó ń ronú ni."

"Ẹ bá mi mú un dání. Kó tó dé Z, màá ti lọ kí ìyá mi ní Skopje, màá sì ti padà dé."

Ó tẹ bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà tí ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀ kọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn, o tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà jáde.

"Ẹ wò ó," Vlado ní, ó ń fi ìka rẹ̀ ńlá tọ́ka sí àwọn bọ́tìnnì, "A rèé, B rèé, gbogbo wọn jókòó síbí. Wèrè wo ló máa dúró de ìmọ́lẹ̀ kó tó kọ A?"

"Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni," Ìyáàfin Prewett sọ. "Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní lẹ́tà."

"Ọmọ wo?" èmi náà dá sí i. "Ọmọ wo ló máa dúró tó báyìí? Á ti sá jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù." A rẹ́rìn-ín, inú wa dùn sí ọgbọ́n ara wa.

Vlado tú inú ètò náà wò. Nígbà náà, bí o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀, ṣe lo máa ní kó máa kà fún ara rẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, kó má fi ṣe nǹkan kan. Kíkà asán là ń pè é, Vlado sì kórìíra rẹ̀ ju owó-orí lọ. Ètò tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á wá kíkà asán inú rẹ̀ kàn, á gé e sọnù. "Ẹ wá wo nǹkan!" ó pariwo. "Ẹni yìí ní kó kà títí ilẹ̀ á fi ṣú! Ọ̀lẹ ni ètò yìí, màá là á lójú." Ó gé e, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti lẹ́tà dé lẹ́tà, ó dùn ún wò. Ìyáàfin Prewett ní ó ti wọlé. Kò sẹ́ni tó lu tábìlì. Vlado kọ tuntun lé orí tàtijọ́, akọ̀wé sì fi àwo ránṣẹ́ padà sílé ẹni tó ni ín. Ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ò wolé rárá, a kàn sọmọ lórúkọ.

Bí ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e ṣe ń bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé dìde láti ka orúkọ àwọn tí ètò wọn wọlé. Kò tíì lanu tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Dulcie Bascombe ló wọlé. Kò gbé kéèkì dání. Àwo dísìkì kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dulcie!" Ìyáàfin Prewett dìde. "O kú ọjọ́ mẹ́ta o! Báwo ni Clarrie?"

Dulcie gbé àwo náà sílẹ̀ níwájú wa. "Ta ló fọwọ́ kan èyí?"

Vlado wò ó, ojú rẹ̀ tàn. "Ètò lẹ́tà! Ìwọ lo kọ ọ́? Dulcie, a ò mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n kọ! Èmi ni mo tún un ṣe. Ó ń fò báyìí, àbí kò fò?"

"Ó fò," Dulcie ní. "Ó fò lọ lóòótọ́. Ẹnu ọkọ mi ló gbé fò lọ."

Obìnrin náà kò jókòó, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún, ó kàn rọra ń sọ ọ́. Clarrie ló kọ́ ọ ní kíkọ ètò láyé ijọ́un, kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nílé. Lẹ́yìn àìsàn náà, ọwọ́ òsì Clarrie ṣì lè tẹ nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ọwọ́ náà tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Dulcie wá kọ ètò tó máa dúró dè é. Ó jókòó tì í ojoojúmọ́, ó ń fi kún kíkà náà, ó ń yọ kúrò, títí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń dúró tó bí ọwọ́ Clarrie ṣe ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ ni pé tíì Dulcie ti le jù.

"Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀," Dulcie ní. "Ó ń bá ọmọ wa sọ̀rọ̀ ní Perth. Á kọ ọ́, màá kà á sórí fóònù. Mo wá sọ fún un pé màá gbé e wá sí láíbìrì rẹ̀, bóyá ẹlòmíì wà níbì kan tó nílò irú ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n má sọ fún yín, kí n tẹ̀ lé òfin. Mo tẹ̀ lé òfin. Mo jẹ́ kí akọ̀wé bo orúkọ mi, mo pa ẹ̀dà tèmi rẹ́, bó ṣe ní kí gbogbo èèyàn máa ṣe."

Ó fọwọ́ kan àwo tó wà lórí tábìlì.

"Àwo dé padà. Ojú ẹ̀rọ kò yàtọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà tó fẹ́ ti kọjá. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó kọ jákujàku sílẹ̀, ó ń wò ó. Vlado, ó rò pé orí òun ló ti bàjẹ́ sí i. Ó rò pé àìsàn náà ti padà dé. Ó ti ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sógiri, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ìgbà tí èmi fúnra mi tẹ̀ ẹ́, tí lẹ́tà sá fún èmi náà, ni mo tó mọ̀. Mo sọ fún un, kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé mò ń tù ú nínú ni."

Vlado dìde. "Níbo ló wà?"

"Inú ọkọ̀. Ta ni màá fi í tì nílé?"

Vlado ti jáde kó tó parí ọ̀rọ̀. A tẹ̀ lé e. Clarrie jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi páìnì, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ti rù, Ọlọ́run mi, ó ti rù. Vlado ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tòun ti sòkòtò Sátidé rẹ̀.

"Clarrie, èmi ni. Èmi Vlado ni mo bà á jẹ́. Mo gé kíkà asán inú rẹ̀, o mọ̀ mí, o mọ ìwà mi. Orí rẹ pé. Ṣó o gbọ́ mi, ọ̀rẹ́? Orí rẹ pé ju tèmi lọ. Èmi ni òmùgọ̀ ibẹ̀."

Clarrie wò ó lójú. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà, ó fẹ́ gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbà á gbọ́. Ó wá fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí gbọ̀ngàn.

A fi pákó sórí àtẹ̀gùn, a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ arọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, a tì í wọlé, a gbé e sí ààyè rẹ̀ nídìí tábìlì. Iye tí Dulcie ní kí ẹ̀rọ máa kà ti sọnù, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀, Vlado alára ò rántí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó kórìíra kíkà asán ṣe jókòó tó ń fi kíkà asán kún ètò. Á fi kún un, Clarrie á tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á ti kọjá, ojú Clarrie á fà ro. Á tún fi kún un. "Kò tíì tó? Ó dáa, gbà. Gba òmíràn. Má bínú sí mi, Clarrie, mo ń bọ̀." Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Dulcie ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, Clarrie tẹ bọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ sì wà níbi tó fẹ́. Ó gbójú sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bá a. Ó wá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ẹ ò rí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ẹgbẹ́ yí tábìlì ká, àwọn tí kì í lè dúró de omi tíì kó hó, gbogbo wọn ń wo ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń rìn láti A. T jáde. Ìmọ́lẹ̀ tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A jáde. Nígbà tó ṣe, a rí i lójú ẹ̀rọ: TA LÓ.

Gbogbo wa la mọ ohun tó kù. Ta ló bà á jẹ́? Ó fẹ́ kí Vlado tún un sọ lójú gbogbo èèyàn. Vlado tètè dá sí i. "Èmi ni, Clarrie, mo ti sọ fún ẹ pé èmi…"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," Dulcie ní. "Má bá a parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Kò fẹ́ràn ẹ̀. Jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Vlado panu mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn. Tíì ti tutù nínú gbogbo ife, bíi ti àtijọ́. M jáde. Ìyáàfin Prewett di ọwọ́ mi mú lójijì, ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Clarrie kọ ọ́ títí dé òpin, ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

TA LÓ MÁA LÒ Ó

Mo wo Ìyáàfin Prewett, omijé ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Vlado ló dáhùn nígbẹ̀yìn.

"Ìwọ ni, Clarrie. Ìwọ lo máa lò ó."

Clarrie mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, a sì dúró. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. Kò dún tó ti àtijọ́, ife ò fò, tíì kàn mì díẹ̀ nínú rẹ̀. Akọ̀wé sì mú káàdì láíbìrì tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ètò sí, ó kọ orúkọ Dulcie sí i.